Sísọ Ahéré Oko di Ilé Kékeré Tó Ṣe É Gbé

Ahéré ni ilé ìsinmi àgbẹ̀ láti ayébáyé. Òpó igi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, òrùlé ewé gbòdògì tàbí ti páànù, àti ilẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí ó fi le: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń sinmi nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ibẹ̀ ni a ń sá sí nígbà òjò, ibẹ̀ náà ni a sì ń kó àdá, ọkọ́ àti irè oko sí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ olùgbé Ìpínlẹ̀ Oǹdó fẹ́ kí ahéré ṣe ju èyí lọ. Owó ọkọ̀ láti ìlú dé oko ti di ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan fẹ́ padà sí ìdí kòkó bàbá wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ máa sùn nítòsí irè oko wọn nítorí olè. A kọ àlàyé yìí fún ẹni tí ó ti ní ahéré lórí ilẹ̀, tí ó sì fẹ́ fi ìwọ̀nba owó sọ ọ́ di ilé oníyàrá kan.

Ilé kékeré ni a ń sọ. Ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí yàrá tí ó gùn ní mítà 3.6, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 3, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10. Kò sí iye owó nínú rẹ̀, nítorí iye tí a bá kọ lónìí lè ti di ìtàn kí oṣù tó parí. Iye ohun èlò ni a kọ, kí olúkúlùkù lè fi ṣírò owó ọjà àdúgbò rẹ̀.

Ilẹ̀ ta ni?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú ìṣó àti páànù. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sí abẹ́ àkóso gómìnà, ó sì fi ilẹ̀ ìgbèríko sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abala 36 nínú òfin náà dáàbò bo àwọn tí wọ́n ti ń dá oko lórí ilẹ̀ ìgbèríko kí òfin náà tó dé: wọ́n lè máa lò ó fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nìṣó, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n abala kan náà kò fàyè gba pípín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó bá lọ ra “púlọ́ọ̀tì” kan láàárín oko kòkó lọ́wọ́ ọmọ ìdílé kan, láìsí ìfọwọ́sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò tí ì múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ gba àfiyèsí jùlọ, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀. Nínú àṣà wa, ó lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tí yóò pẹ́ lórí ilẹ̀, bíi kòkó àti obì, gba àṣẹ. Bákan náà ni ilé. Ahéré onígi kò ba onílẹ̀ lẹ́rù, ó mọ̀ pé ẹni tó bá lọ kò ní í gbé ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ìpìlẹ̀ òkúta àti sìmẹ́ǹtì, ohun tí yóò kà sí i ni pé àlejò fẹ́ di onílé. Ìlànà òfin kan sì wà tí ó ka ohun tí a bá kọ́ mọ́ ilẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí àdéhùn bá bàjẹ́, ẹni tó kọ́lé lè pàdánù ilé, kí ó sì tún jẹ gbèsè ẹjọ́.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ bá olórí ìdílé tó ni ilẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìdílé kan ṣoṣo tó ń bá a ṣe ọ̀rẹ́. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀. Yorùbá tó já gaara tó fún un. Kí ó hàn nínú rẹ̀ pé ta ni yóò ni ilé náà, ọdún mélòó ni, kí ni wọn yóò san bí onílẹ̀ bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ẹni tó kọ́lé lè tú páànù, ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ lọ. Kí àwọn alábàágbé ààlà méjèèjì, tọ̀tún tòsì, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí onílẹ̀ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ilé onísìmẹ́ǹtì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe fi ipá kọ́ ọ. Ilé pákó tí a so pọ̀ pẹ̀lú bóòtù, tí a gbé ka orí òkúta, ṣe é tú palẹ̀, ó sì ṣe é kó lọ sí ibòmíràn. Ó wọ́n ju ògiri ilẹ̀pa lọ, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ ni ó ni ín títí.

Ẹ tún bi ọ́fíìsì ètò ìlú tó sún mọ́ yín bóyá ilé náà gba ìwé àṣẹ. Láti ọdún 2003 tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ilé kíkọ́, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ní ti igbó ọba, bíi Òlúwa, Ìdànrè àti Àkúrẹ́-Òfòsù, kò sí àdéhùn kankan pẹ̀lú ìdílé tí ó lè sọ ilé kíkọ́ níbẹ̀ di ohun tó bófin mu.

Yíyẹ ahéré wò

Ohun tó níye lórí jù nínú ahéré ni òrùlé rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ilé alámọ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa ń bá òjò sáré. Ẹni tó ti ní òrùlé lè mọ ògiri rẹ̀ lábẹ́ ibòji, kí bíríkì rẹ̀ sì gbẹ díẹ̀díẹ̀ láì sán. Kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé òrùlé náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó gbé e dúró.

Ẹ wú ilẹ̀ tó wà ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20. Ibẹ̀ gan-an, níbi tí igi ti pàdé ilẹ̀, ni ikán àti jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gún un ní ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, òpó náà ti kú, bí ó tilẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ wo ara òpó fún ọ̀nà tóóró tí ikán fi amọ̀ ṣe. Òpó ọ̀pẹpẹ àti ti ìrókò máa ń pẹ́. Àràbà àti àwọn igi rírọ̀ mìíràn kì í pẹ́ rárá.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń pààrọ̀ òpó. Ẹ fi igi alágbára méjì ti òrùlé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì òpó tí ẹ fẹ́ yọ, kí ìdí àwọn igi náà sì wà lórí pákó fífẹ̀ kí wọ́n má baà rì. Nígbà tí òpó tuntun bá ti gba ẹrù tán ni kí ẹ yọ wọ́n. A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ahéré kì í wúwo lójú, òrùlé páànù tó bá sì wó lu ènìyàn kò mọ̀ pé ilé kékeré ni òun. Ó dára jù kí òpó tuntun dúró lórí òkúta tàbí kọnkéré tó yọ sókè ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20, pẹ̀lú irin tí a fi dè é mọ́lẹ̀, dípò kí a rì í mọ́ inú ilẹ̀.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ògiri wà ní inú, kí àwọn òpó sì wà ní ìta gbangba, kí òrùlé yọ kọjá ògiri ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60 yíká. Ẹ ó lè máa rí òpó yín, ikán kò ní í rí ibi sá pamọ́ sí, òjò kò ní í máa na ògiri, ẹ ó sì rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó. Fún yàrá tí a ń ṣírò yìí, òrùlé tó gùn ní mítà 5, tó sì fẹ̀ ní mítà 4.4, tó. Bí ti ahéré yín bá kéré sí èyí, ẹ fi kún un kí ẹ tó mọ ògiri.

Ògiri ilẹ̀pa

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ mọ́. Lójú wọn, ilé alámọ̀ jẹ́ àmì òṣì. Ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́, tí òrùlé rẹ̀ kò jò, ṣì ń dúró ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ó sì tutù lọ́sàn-án ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òrùlé bá gbòòrò tí ìpìlẹ̀ sì ga, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ máa ń mú kí ilẹ̀pa le sí i. Ní àwọn ọdún 1950 ni Raúl Ramírez, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní CINVA-Ram, tí ènìyàn fi ọwọ́ tẹ̀, tí ó ń fún ilẹ̀pa àti sìmẹ́ǹtì pọ̀ di bíríkì láìsí iná àti láìsí epo. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe irú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, NBRRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, ti pẹ́ lẹ́nu ìpolongo irú bíríkì yìí, ó sì ní ibùdó ìwádìí ní Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó dára fún un. Ẹ kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú orí kúrò, nítorí ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì mú. Ẹ wa ilẹ̀pa pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kan àpótí pákó tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 4, tó sì jìn ní 4. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ po ilẹ̀pa náà mọ́ omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí títí ó fi kún, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Yóò sún kì. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ sí ìpẹ̀kun kan, kí ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́kù. Bí àlàfo náà kò bá ju mílímítà 15 lọ, òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí òṣùwọ̀n ilẹ̀pa 18 tó. Bí ó bá wà láàárín 15 sí 30, ẹ lo ọ̀kan sí 16. Láàárín 30 sí 45, ọ̀kan sí 14. Láàárín 45 sí 60, ọ̀kan sí 12. Bí ó bá ju 60 lọ, amọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ da yanrìn mọ́ ọn kí ẹ sì tún un dán wò. Ọjọ́ mẹ́ta yìí lè gba ọ̀pọ̀ báàgì sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún yín.

Omi pípò náà ní ìwọ̀n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ṣù ú bí àkàrà, ẹ jẹ́ kí ó já bọ́ láti ìwọ̀n èjìká sórí ilẹ̀ líle. Bí ó bá fọ́ sí ègé mélòó kan, ó dára. Bí ó bá tú ká bí iyẹ̀fun, omi kò tó. Bí ó bá kàn pẹlẹbẹ láì fọ́, omi ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣe po ju èyí tí ẹ lè tẹ̀ tán láàárín wákàtí kan lọ, nítorí sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bíríkì tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29, ó fẹ̀ ní 14, ó sì ga ní 9. Nǹkan bí 33 ni yóò kún mítà kan níbùú lóròó ògiri. Yàrá wa, bí ògiri rẹ̀ bá ga ní mítà 2.4, tí a sì yọ àyè ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì kúrò, kù díẹ̀ kó tó bíríkì 930. Ẹ ṣe 1,000, nítorí àwọn kan yóò fọ́. Báàgì sìmẹ́ǹtì kan tó kílò 50, bí a bá pò ó ní ọ̀kan sí 16, yóò ṣe nǹkan bí 100. Nítorí náà báàgì mẹ́wàá yóò tó fún bíríkì, yàtọ̀ sí ti ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ ilé. Ẹ to bíríkì tuntun sábẹ́ òrùlé, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n, ẹ máa wọ́n omi sí wọn fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀ títí di ọjọ́ 28.

Òkúta ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀, èyí tí kò wọ́n ní àyíká Ìdànrè àti Àkúrẹ́, kí ó sì yọ sókè ju ilẹ̀ lọ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ̀kán omi má baà dé ara bíríkì.

Afẹ́fẹ́ oṣù kẹta

Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ni ó ń ṣí òrùlé jùlọ. Afẹ́fẹ́ kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀. Ó máa ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì gbé e sókè. Ìṣó nìkan kò tó. Ẹ fi wáyà tó nípọn de igi òrùlé mọ́ igi tó tẹ́ lórí òpó, kí ẹ sì de igi yẹn mọ́ òpó fúnra rẹ̀. Ní etí òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ dé, kí ìṣó páànù sún mọ́ ara wọn ju ti àárín lọ. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tí òjò ti ń dá, iṣẹ́ yóò ti parí kí ìjì tó dé.

Ewé gbòdògì tutù ju páànù lọ, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n iná igbó ẹ̀ẹ̀rùn kò ní í dá a sí. Ohunkóhun tí a bá fi bo ilé, ẹ ro àyíká rẹ̀ mọ́ ní ìwọ̀n mítà mẹ́wàá nígbà ọ́yẹ́.

Irè oko àti ènìyàn kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá kan náà

Ahéré ti jẹ́ ilé ẹrù kí ó tó di ilé ènìyàn, àṣà àtijọ́ sì máa ń tẹ̀lé e. Àpò gàrí wà ní igun kan, àgbàdo wà lókè àjà, ẹni ń sùn sí àárín. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń dààmú jù ní Nàìjíríà, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èkúté ọlọ́mú púpọ̀ ni ó ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri; ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ni ènìyàn fi ń kó o. Oúnjẹ ló sì ń pe èkúté wọlé.

Ẹ kọ́ àká sọ́tọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ní mítà kan, kí a sì fi páànù tí a ká bí àrọ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, kí èkúté má baà lè gùn ún. Nínú ilé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré dí àlàfo tó wà láàárín ògiri àti òrùlé; atẹ́gùn yóò wọlé, èkúté kò ní í wọlé. Kí abẹ́ ilẹ̀kùn má ṣe gba ìka ọwọ́ kékeré. Bí ibà bá mú ẹni tó ń gbé oko, tí oògùn ibà kò sì ràn án, kí ó má ṣe jókòó sí abà máa mu àgbo. Ilé-Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú ibà Lassa, ìtọ́jú sì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè pe nọ́ńbà 6232 ti NCDC láìsan owó.

Àwọn oògùn tí wọ́n ń fi sáàárín ẹ̀wà àti àgbàdo nítorí kòkòrò burú ju èkúté lọ. Èyí tí a fi alumíníọ̀mù fọ́sífáìdì ṣe máa ń tú gáàsì jáde nígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án, gáàsì náà sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí ó má ṣe wọ yàrá rárá, kódà fún òru kan. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn kòkó, ẹ̀rọ ìfọ́nkó, jẹnẹrétọ̀ àti ìkòkò èédú: ìta ni ààyè wọn, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé.

Omi àti ṣáláńgá

Òjò mílímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó páànù jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé wa tó jẹ́ mítà 22 níbùú lóròó yóò gba lítà 440 nínú òjò mílímítà 20; bí ìdá kan nínú márùn-ún bá ṣòfò, ó ṣì ku nǹkan bí 350. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn fọ páànù kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sídìí rẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo dúrọ́ọ̀mù nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì se omi náà kí ẹ tó mu ún.

Kí ṣáláńgá wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe ní òkè rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí i ní ó kéré tán mítà 30. Ẹ fi páìpù afẹ́fẹ́ tó ga kọjá òrùlé rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu páìpù náà. Òórùn yóò dínkù, eṣinṣin tó bá sì wọ inú rẹ̀ kò ní í rí ọ̀nà jáde.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ rìn yí ilé náà ká. Ibi tí omi bá ti ta sí ara ògiri, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀gbàrá kí omi lè máa gba ibòmíràn. Ibi tí ògiri bá ti sán, ẹ kọ́kọ́ rin ín, kí ẹ fi ilẹ̀pa àti sìmẹ́ǹtì tí ẹ pò ní ìwọ̀n ti bíríkì rẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn lásán rẹ́ ẹ, nítorí ó le ju ògiri lọ, yóò sì ṣí kúrò lára rẹ̀ kí ọdún tó yí po.